Bí Gìtá Ṣe Ń Ké Nílé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ifẹ̀ tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì sílẹ̀, irú èyí tí gìtá ti ń kùn bí oyin tí wọ́n sọ lókò, ẹ má tíì náwó lé nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wá àwo Chapter One tí ẹgbẹ́ BLO ṣe ní 1973. Ẹ gbọ́ bí gìtá Berkley Jones ṣe ń ya wèrè, tí ìlù Laolu Akins kò sì yẹsẹ̀. Ní ti orin tó ń sáré, ẹ gbọ́ Bad Brains, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Washington: orin tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1980 kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Àṣejù ló ń bí ìró tó ń kùn yẹn. Ẹ yí gain amplifáyà sókè títí ohùn gìtá yóò fi ya, kí ẹ wá dín fọ́lúùmù kù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú gìtá sí sípíkà. Ìró á mi okùn, okùn á dá a padà fún sípíkà, ni igbe bá gbòde. Àwọn tó ń gbé máìkì lóde àríyá máa ń sá fún igbe yìí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá a lọ. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo lè yí ohùn rẹ̀ padà, nítorí náà ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi tó ti dùn.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ fi dùndún kún un. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ohùn ìyáàlù àti gìtá tó ń kùn jọ ń gbà. Bí àwọn méjèèjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, ìyáàlù ni a kò ní gbọ́. Ẹ yí mid gìtá wálẹ̀, ẹ sún máìkì mọ́ awọ ìlù, kí gìtá sì dákẹ́ nígbà tí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀. Èmi ò rí ohun tó burú tó kí onílù máa lu ìlù lásán.

Ní àdúgbò Ìlódè, ilé fara kan ilé: ẹ sọ fún onílé ṣáájú ìdánrawò, ẹ fi mátírẹ́sì dí fèrèsé.

Etí ńkọ́? Bí ariwo bá jẹ́ désíbẹ́ẹ̀lì 85, àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà gba wákàtí mẹ́jọ láàyè lójúmọ́. Bó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Òwú lásán kò tó. Ẹ ra ìdí-etí gidi. Bí etí bá ṣì ń hó nígbà tẹ́ ẹ délé, lọ́jọ́ mìíràn ẹ dín amplifáyà kù, kẹ́ ẹ sì gé ìdánrawò kúrú.