Tíkẹ́ẹ̀tì Ojú Pópó: Ṣé Kí A San Án Ni, Àbí Kí A Gbé E Lọ Sí Kóòtù?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti sàká. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni, nítorí pé agbára káká ni a fi lè rí ilé kan nínú wa ní Sabon Gari tí kò ní awakọ̀ tàbí oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi. Ní ọdún 2021, mò ń ti Kano lọ sí Kaduna láti kó ọjà. Nígbà tí mo dé ìtòsí Zaria, wọ́n dá mi dúró, wọ́n sì kọ tíkẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́ pé mò ń fi fóònù sọ̀rọ̀ bí mo ti ń wakọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Inú bí mi! Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú, èmi ni ọmọ àná ń bá wí ní gbangba. Mo ní kóòtù ni yóò là wá. Títí mo fi dé Kaduna ni mo ń to ẹjọ́ tí n ó rò níwájú adájọ́, ẹjọ́ náà sì ń dùn létí ara mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo kírun Màgàríbà tán ni mo tó bi ara mi pé: “Álífáà, ṣé fóònù wà ní etí rẹ, àbí kò sí?” Ó wà ní etí mi. Ìyàwó mi ni mò ń dá lóhùn. Nínú Suuratu Nisaai, aaya 135, Ọlọ́hun pàṣẹ kí á jẹ́rìí òtítọ́ bí ó tilẹ̀ tako àwa fúnra wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní aaya yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ san owó ní báǹkì.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fún ní tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó má ṣe kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé n ó borí?” Kí ó béèrè pé, “Ṣé mo ṣe é?” Bí o bá ṣe é, san án, sì gba rìsíìtì. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ó yá ju kí á fi ẹgbẹ̀rún kan sí ọwọ́ òṣìṣẹ́, kí á máa lọ. Háráámù ni. Lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ìyẹn FRSC, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀ ni pẹ̀lú, owó ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ ₦10,000. Ta ni yóò tìtorí ₦4,000 ra gbèsè ₦14,000, kí ó tún ru ẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé?

Bí o kò bá ṣe é ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe ojo. A ó ní, “Àlejò ni wá níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí á san án kí ọ̀rọ̀ tán.” Ẹ̀yin ará, tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ̀sùn ni. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín 36, sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Àwa tí a kọ́ fíkíhi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, pé ọrùn olùpẹ̀jọ́ ni ẹ̀rí wà. Ìpín 36 yìí kan náà fún ọ ní àǹfààní láti ro ẹjọ́ rẹ fúnra rẹ tàbí kí o gba lọ́yà, àti láti ní àkókò àti ààyè tó tó láti múra sílẹ̀. Bí o kò bá sì gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ ní ògbufọ̀, o kò sì ní san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò gbọ́ Òyìnbó, tí Hausa yín kò sì kọjá ti ọjà, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n jíjàre lọ́tọ̀, ẹ̀rí lọ́tọ̀. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé o kò ní ìgò apaná nínú ọkọ̀, ₦3,000, bẹ́ẹ̀ ó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ. Fi hàn wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ya fọ́tò rẹ̀, gba orúkọ èrò méjì tó rí i, kọ wákàtí àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ka ìwé náà kí o tó fọwọ́ sí i. Wò ó bóyá FRSC ni ó fún ọ, tàbí KAROTA ti ìjọba Kano, nítorí pé ọ̀nà wọn kò pọ̀. Ariwo kò wúlò lójú títì. Adájọ́ kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, jókòó ṣírò bí oníṣòwò. Bí ó bá jẹ́ pé ìtòsí Zaria ni ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, má retí pé Kano ni wọn yóò ti gbọ́ ẹjọ́. Adájọ́ lè sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ ọjà tí ìsọ̀ yóò wà ní títì ńkọ́? Nítorí ₦2,000 bẹ́líìtì, ẹni tó jàre lè san án, kí ó fi ìyókù lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. N kò ní pè é ní ojo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ìwàkuwà eléwu, ₦50,000, lé ọmọ wa kan tó ń fi awakọ̀ jẹun, tí kò sì ṣe é, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó. Tí ó bá san án, ó ti gbà pé òun ṣe é nìyẹn, wọ́n ó sì kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá sì pọ̀ sí i, ó lè pàdánù láísẹ́ǹsì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí á bá wá lọ́yà, kí á sì bá a dé kóòtù.

Ohun kan ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe: kí ó ju ìwé sínú àpótí ọkọ̀, kí ó má san án, kí ó má sì dé kóòtù. Ọjọ́ tí wọ́n dá wà lára ìwé náà. Bí ọjọ́ bá kọjá, ẹni tó jàre pàápàá ti fún wọn ní ẹ̀sùn tuntun. Ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ó mú un wá sí ilé-kéwú lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí á jọ kà á.