Ìmọ̀ràn Ìlera: Bàbá fẹ́ dúró de rọ́bọ́ọ̀tì

Dókítà, ìtọ̀ ṣúgà ti dé ojú bàbá mi, wọ́n sì ń gún un lábẹ́rẹ́ sínú ẹyinjú lóṣooṣù. Àbúrò mi ní wọ́n ti ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kékeré ní Jámánì, tí òòfà ń darí, tí yóò máa gbé oògùn wọnú ojú. Ni Bàbá bá yarí: òun ò gba abẹ́rẹ́ mọ́, rọ́bọ́ọ̀tì lòun ń dúró dè. Ẹ bá wa dá sí i.
Ọmọ Bàbá, Òṣogbo

Àbúrò yín ò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ní 2018 ni Peer Fischer, Tian Qiu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Max Planck ní Stuttgart gbé iṣẹ́ náà jáde. Rọ́bọ́ọ̀tì náà lọ́ bíi síkúrúù. Tí ẹ bá pín mìlímítà kan sọ́nà 1,000, méjì péré ni gígùn rẹ̀. Ó ní ìdí tó fi kéré tó bẹ́ẹ̀: omi tó ki nínú ẹyinjú ní fọ́nrán tó hun mọ́ra bí àwọ̀n, ohun tó bá tóbi á há síbẹ̀. Èyí tó kéré gan-an pàápàá máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n wá fi ohun tó ń yọ̀ bò ó, ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ lára ewéko kan tí etí rẹ̀ ń yọ̀ tó fi jẹ́ pé kòkòrò tó bá bà lé e á já sínú rẹ̀, tí ewéko náà á sì jẹ ẹ́. Òòfà tó ń yí níta ojú ló ń yí i, tó fi ń wọ́ lọ. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rọ́bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ ti dé rẹ́tínà tó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú.

Ojú ta ni? Ojú ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti yọ kúrò lórí ni! Ní Zurich, olùwádìí Bradley Nelson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi òòfà mẹ́jọ darí irú tiwọn nínú ojú ehoro. Ti èèyàn ṣì jìnnà.

Ẹ wá sọ èyí fún Bàbá dáadáa: abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n fi gún rọ́bọ́ọ̀tì ọ̀hún wọnú ojú. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sá fún ṣì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Èrè rẹ̀, bó bá yọrí, ni pé oògùn á lọ tààrà síbi tó ń dùn wá, kò ní kàn tàn káàkiri inú ẹyinjú.

Kí Bàbá padà sí kílíníìkì lọ́sẹ̀ yìí. Oògùn tó ń mú ojú kú tipiri wà, kí wọ́n béèrè fún un. Bí ojú bá ń dáa sí i, dókítà lè fi àyè sáàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì. Ẹ ṣọ́ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Bí ojú bá wá pọ́n, tó ń ro wọ́n gidi tàbí tí ìríran dínkù lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.