Ṣé Sólà Ilé Lè Wa Bitcoin?

Ìbéèrè: Páànẹ́lì sólà mẹ́rin, oníwáàtì 400 kọ̀ọ̀kan, ló wà lórí ilé mi ní Mọ́níyà. Ṣé mo lè fi wa bitcoin?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Antminer S9, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò wọ́n tí wọ́n fi ń wa bitcoin, ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,350 láìsinmi. Ní wákàtí 24, ó ju yúníìtì iná 32 lọ. Bí oòrùn bá tilẹ̀ mú dáadáa, páànẹ́lì yín kò lè pèsè ju bíi 7 lọ lójúmọ́.

Èrè pàápàá ti dínkù. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, bitcoin tuntun 3.125 péré ni gbogbo awabitcoin àgbáyé ń du ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ilé-iṣẹ́ Gridless ń wa bitcoin ní Kẹ́ńyà àti Màláwì, ṣùgbọ́n iná omi abúlé tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń lò, èyí tí kì í sùn lálẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ní oko tàbí adìyẹ, ẹ fi sólà yín fa omi oko, kí ẹ fi tan iná ilé adìyẹ, kí ẹ fi gbé firísà. Èrè ibẹ̀ dájú. Bó bá jẹ́ bitcoin lẹ fẹ́, ẹ rà á díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí SEC, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, fún níwèé àṣẹ.