Péálì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ti Òkun Ni Tàbí Ti Ọ̀sìn?

ÌBÉÈRÈ: Mo rí ìlẹ̀kẹ̀ péálì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fẹ́ rà á fún ọmọbìnrin mi tí ń lọ sílé ọkọ. Ẹni tí ń tà á ní òkun ló bí i, pé ènìyàn kò lọ́wọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ rí roboto, ó dọ́gba ní mìlímítà 8, ₦180,000 ni ó sì ń pè é. Ó ní bí ó bá dé, kí n fi eyín ha á, n ó mọ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìyàwó, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, Olúwa yóò jẹ́ kí a fi ẹ̀rín ṣe é. Èyí tí ẹ júwe yìí, bí kì í bá ṣe ayédèrú pátápátá, péálì ọ̀sìn ni.

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, inú ìkarahun gbágungbàgun sì ni péálì ti ń wá. Láyé àtijọ́, inú òkun alagbalúgbú omi ni wọ́n ti ń wá a, tí àwọn ọkùnrin Bahrain a sé èémí, tí wọn a rì lọ sí ìsàlẹ̀ ibú, tí wọn a la ìkarahun lẹ́yìn ìkarahun kí wọ́n tó kan ẹyọ kan péré. Ṣùgbọ́n ní 1893, Kokichi Mikimoto, ará ilẹ̀ Japan, kórè ààbọ̀ péálì àkọ́kọ́ tirẹ̀ lára ìkarahun tí òun fúnra rẹ̀ ti ki nǹkan bọ̀ nínú kí ó tó dá a padà sómi. Nígbà tí ó sì ṣe, àwọn ará Japan mọ ọ̀nà àtisin èyí tí ó rí roboto. Bí ẹran ìgbẹ́ àti ẹran ọ̀sìn ni ọ̀rọ̀ náà rí: ẹran ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọdẹ kò wọgbó nítorí ọ̀kan. Ní 1917, Cartier, ilé tí ń ta ohun ọ̀ṣọ́, fi ìlẹ̀kẹ̀ péálì òkun olókùn méjì, tí wọ́n dá iye lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, gba odindi ilé ńlá kan ní Fifth Avenue ní New York. Nígbà tí wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀ náà ní 1957, tí péálì ọ̀sìn ti gba ọjà kan, $151,000 ni ó pa.

Ti eyín tí ó ní kí ẹ fi ha á, ayédèrú onídígí àti onírọ́bà ni ìyẹn lè tú fó. Péálì òkun àti ti ọ̀sìn, ohun dídán kan náà ló bò wọ́n, wọn a sì máa ha eyín bí iyanrìn bákan náà. Àwòrán kò sì lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí ojú ọlọ́jú kò lè dà bí ojú ẹni. Ojú ẹni pàápàá kò tó o, nítorí awọ fẹ́lẹ́ ló bo inú, kò jẹ́ ká rí ikùn aṣeni. Nínú péálì ọ̀sìn ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní Akoya, kóró roboto tí wọ́n gbẹ́ lára ìkarahun odò ló wà ní àárín, ohun dídán tí ó bò ó kì í sì í sábà nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ. Bí alágbẹ̀dẹ wúrà bá fi dígí rẹ̀ wo ojú ihò tí okùn gbà kọjá, ó lè rí ìlà tín-ín-rín níbi tí kóró àti awọ ti pàdé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ péálì ọ̀sìn inú odò ilẹ̀ Ṣáínà kò ní kóró rárá, nítorí náà ihò kò ní tú àṣírí wọn. Ẹ̀rọ X-ray nílé àyẹ̀wò ló lè parí ẹjọ́ yẹn.

Ẹ wo bí ó ti dọ́gba tó. Kí òkun tó bí péálì roboto oní-mìlímítà 8 tí yóò kún okùn kan, tí wọn yóò sì bára mu bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ṣà á jọ yóò pẹ́ lórí rẹ̀. Olúwarẹ̀ kò ní tà á ní ₦180,000 láéláé.

Ẹ bi ẹni náà bí ó bá ní ìwé àyẹ̀wò láti irú ilé àyẹ̀wò bíi GIA ní Amẹ́ríkà tàbí SSEF ní Switzerland, kí ẹ sì fúnra yín yẹ nọ́ńbà ìwé náà wò lọ́dọ̀ ilé àyẹ̀wò ọ̀hún, kì í ṣe lórí àwòrán tí ó bá fi ránṣẹ́. Bí ó bá ní àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àdáyébá, ohun tí ìyẹn wí ni pé wọn kò pa á láró. Kò sọ ẹni tí ó bí i.

Péálì ọ̀sìn kì í ṣe ohun ìtìjú, yóò sì yẹ ìyàwó wa lọ́rùn. Bí ọkàn yín bá fà sí i, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé owó pé péálì ọ̀sìn ni, kí ẹ sì san iye tí wọ́n ń ta péálì ọ̀sìn. Bí ó bá kọ̀, ẹ má ṣe sanwó.