"Ẹ" àti "O" Lórí WhatsApp

Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè kọ́ wa pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń lo èdè. Gbájúẹ̀ tó bá gba WhatsApp ẹnìkan lè jí orúkọ àti fọ́tò; èdè olúwa rẹ̀ ṣòro jí. Àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ wà lórí fóònù olóhun, nítorí náà olè kò mọ ẹni tó jẹ́ àgbà tàbí àbúrò. "Ẹ" kan náà ni yóò fi kọ̀wé sí gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, "o" ló ń bá mi lò. Nígbà tí "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní ₦50,000" wọlé láti orí nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ yẹn ló tú àṣírí. Mo fi káàdì ìpè pè é (bó bá jẹ́ ìpè WhatsApp ni, olè ni ìbá gbé e).

Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń wá. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, kí ẹ tan Two-step verification. Ohùn pàápàá kò tó ẹ̀rí mọ́, kọ̀ǹpútà ti ń sín ohùn èèyàn jẹ. Ohun tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ bi onítọ̀hún, bí oríkì tí ìyá àgbà fi ń pè é.