Ariwo Òjijì nínú Gbohùngbohùn Àfisétí

Bí rédíò orí tábìlì bá ṣàdédé pariwo, onílé lè rìn lọ pa á. Gbohùngbohùn tí a dé mọ́ etí kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn irun tíntìntín tí ń gba ohùn nínú etí lọ́hùn-ún kì í hù mọ́ bí wọ́n bá ti kú. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ni wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ohùn tí ó tó 80 dẹ̀síbẹ̀lì. Bí ohùn náà bá fi dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ga sí i, àsìkò náà yóò dín sí ìdajì. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ gbé e kúrò létí, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ìwádìí ló kàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọn a sáré yá gbohùngbohùn tuntun, wọn a sì fi í bọ rédíò tí ń ṣàìsàn. Bí ó bá jẹ́ pé iná bátìrì ń ṣàn gba ibi tí ohùn nìkan yẹ kí ó gbà, yóò jó èyí tí a yá náà pẹ̀lú, ayáni a sì di onígbèsè. Àmì àrùn yìí ni pé ariwo a dún gbì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ kan a sì dákẹ́. Gbohùngbohùn tí a fura sí ni kí a gbé lọ sára rédíò tí ara rẹ̀ dá, kí a yí ohùn sílẹ̀, kí a sì fi í sórí tábìlì. Bí ariwo bá tẹ̀lé e débẹ̀, wáyà rẹ̀ ló já, pàápàá ní ìdí pílọ́ọ̀gì tàbí níbi tí okùn ti pín sí méjì, nítorí ibẹ̀ ni ó ń ká jù. Kí a máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ariwo bá ti dáhùn ni àléébù wà.

Bí kò bá tẹ̀lé e, rédíò ló jẹ̀bi. Nínú kókó tí a fi ń yí ohùn, ọ̀já èédú kan wà tí ó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun, tí ìka irin kékeré ń rìn lórí rẹ̀. Gbogbo ohùn ń gba ìpẹ̀kun kan wọlé. Ìpẹ̀kun kejì ni àjẹkù ń gbà lọ. Ìka náà a sì bu ìwọ̀n tí a bá fẹ́. Bí eruku bá bo ọ̀já yìí, ohùn a máa ta bí àgbàdo inú iná nígbà tí a bá ń yí kókó. Kí a pa rédíò, kí a yí kókó náà síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 20. Kí ẹnikẹ́ni má fi òróró tàbí kẹrosíìnì sí i: eruku fẹ́ràn epo. Ṣùgbọ́n bí ìpẹ̀kun kejì yẹn bá já, àjẹkù kò rí ọ̀nà lọ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni ìka yóò kó dà sí etí, ibi yòówù kí a yí kókó sí. Èyí kúrò ní iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ti ẹni tí ń tún rédíò ṣe ni.

Fóònù kò ní irú kókó bẹ́ẹ̀. Òógùn tí ó wọ ihò rẹ̀ lè ṣe bí ìka tí ń tẹ bọ́tìnnì ara okùn, kí ohùn máa ga fúnra rẹ̀ títí ihò yóò fi gbẹ.

Lẹ́yìn àtúnṣe, orí tábìlì ni kí gbohùngbohùn ti kọ́kọ́ fọhùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó tó padà sí etí.