Ẹ Wá Ẹni Kí Ẹ Tó Wá Owó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tí kò dùn létí: láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yín ni àwọn tó ń fowó ti postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀yìn PhD, ti ń ka ọdún. Humboldt ti Jámánì kì í gba ẹni tí PhD rẹ̀ ti lé ní ọdún 4 sípò postdoc. JSPS ti Japan dúró sí ọdún 6. Marie Skłodowska-Curie ti Yúróòpù fi í sí ọdún 8, wọ́n sì máa ń yọ àkókò tí ìbímọ tàbí àìsàn fi dá iṣẹ́ ìwádìí èèyàn dúró. Ẹni tó ń retí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ kó tó béèrè, kó yáa má retí mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣì í ni pé owó lẹ kọ́kọ́ ń wá. Ẹ ó jókòó ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó ṣa ìkéde jọ, ẹ ó fi ìwé kan náà ránṣẹ́ síbi gbogbo. Nínú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí, kò sí èyí tí ẹ lè dá wọ̀. Onímọ̀ kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbà pé òun yóò gbà yín sọ́dọ̀. Ní ti JSPS, lọ́pọ̀ ìgbà, òun gan-an ló ń fi ìwé sílẹ̀ lórúkọ yín.

Ibo lẹ ó ti rí irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ ṣí ẹ̀yìn thesis yín, níbi tí ẹ to àwọn ìwé tí ẹ kà sí. Orúkọ ta ló ń jáde lemọ́lemọ́? Ta ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́? Èmi ò ní ní kẹ́ ẹ lọ bá ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Irú wọn kì í ráyè ka lẹ́tà àjèjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yàrá ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń wá ọwọ́ tó mọṣẹ́, ni kẹ́ ẹ wò.

Lẹ́tà wá ńkọ́? Àwọn ọmọ wa a kí ọ̀jọ̀gbọ́n títí, wọ́n a ròyìn ara wọn láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n a wá kádìí ẹ̀ pé iṣẹ́kíṣẹ́ tí ẹ bá fún mi ni màá ṣe. Nílé wa, ọmọlúàbí nìyẹn. Lọ́hùn-ún, wọ́n á ní kò mọ ohun tó ń wá. Ká ní oró inú àgbàdo tó bu lẹ fi gboyè, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Inú abà lẹ ti wọn oró yìí nínú ìwé yín tọdún tó kọjá. Èmi wọ̀n ọ́n lóko, kí wọ́n tó kórè, èsì wa ò sì bára mu. Mo fẹ́ wá ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ yín.” Ẹ so ìwé yín kan ṣoṣo mọ́ ọn, ó tó. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì bá ẹlòmíràn lọ.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù fún èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta yìí, gbájúẹ̀ ni.

Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá sì gbà, ẹ má tíì jó. Ẹ wá àwọn tó ti ṣe postdoc lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìkọ̀kọ̀: orúkọ ta ló máa ń ṣíwájú lórí ìwé tí wọ́n bá jọ kọ? Ṣé ó ń fún èèyàn láyè láti kó iṣẹ́ tirẹ̀ lọ tó bá ń kúrò?